Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú: Sísin Ẹja Àrọ̀ Lẹ́yìnkùlé Ilé

"Odò kì í kún kí ó bo ẹja lójú" ni àwọn àgbà wa máa ń wí nígbà tí wọ́n bá ń súre fún ni. Àdúrà ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pẹ̀lú. Ẹja tí ó wà nínú odò kò ní ẹni tí í bá a pààrọ̀ omi. Omi àná ti ṣàn lọ, omi òní sì ti dé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá ra ọmọ ẹja, tí a sì dà á sínú táńkì lẹ́yìnkùlé wa, àwa gan-an ni a di odò fún un. Ìgbẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ àti oúnjẹ tí ó jẹ kù, inú omi tí ó ń gbé náà ni gbogbo wọn yóò wà títí ọwọ́ wa yóò fi kó wọn kúrò. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ sọ nínú oṣù yìí kò ju èyí náà lọ.

Ilẹ̀ Okun kì í ṣe ilẹ̀ etí odò ńlá, bí a bá yọ àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tí wọ́n sún mọ́ Lọ́kọ́ja sílẹ̀. Òkè àti pápá ni ó yí Kabba ká. Láti ayébáyé, Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, ni ọ̀pọ̀ nínú ẹja tí à ń jẹ ti ń wá, tí àwọn ìyá alájàpá sì ń gbé e gba ọ̀nà Ọbájánà wọlé. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Ìsédò Kainji tí a parí ní ọdún 1968 yí bí odò Ọya ṣe ń kún tí ó sì ń fà padà. Àwọn apẹja pọ̀ sí i, ojú àwọ̀n wọn sì kéré sí i. Ẹja tí owó kékeré ń rà nígbà tí àwọn ìyá wa wà ní ọ̀dọ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn lọ́jà mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé fi gbé táńkì kalẹ̀, kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan, ṣùgbọ́n jákèjádò Nàìjíríà, tí ó ń sin ẹja àrọ̀ ju gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù ní Áfríkà lọ.

Ìbéèrè tí mo sì máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn ìyàwó kéékèèké ni pé: "Ẹ jọ̀wọ́, mà, kí ni mo lè fún un jẹ kí ó tètè tóbi?" Ìbéèrè rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣíwájú.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Èmi náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú omijé. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní ẹja 60 nínú táńkì kan. Wọ́n ti pé oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ mi, mo sì ti fi owó wọn pín nǹkan lọ́kàn: owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, àti aṣọ kan tí mo ti ń wò tipẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, a fẹ́ lọ sí ìgbéyàwó ní Ìyàrà, ọjọ́ Àìkú ni a ó sì padà. Mo ro ó pé ebi yóò pa àwọn ẹja náà. Mo da oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì fi búrẹ́dì tí àwọn ọmọ jẹ kù lé e lórí.

Nígbà tí a dé ní ọjọ́ Àìkú, òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Omi náà ti di àwọ̀ tíì, ó ń hó ìfofò, ẹja 41 sì ti dojú ikùn sókè. Ebi kọ́ ni ó pa wọ́n. Ẹja àrọ̀ tí ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lè wà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìjẹun, kò sì ní ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n omi tí ó ti bàjẹ́ lè pa á láàárín òru kan. Ìfẹ́ ni mo rò pé mo fi hàn wọ́n. Májèlé ni mo fi fún wọn.

KÍ NI Ó Ń PA ẸJA NÍNÚ OMI?

Nígbà tí ẹja bá jẹun, apá kan nínú oúnjẹ náà ń di ẹran ara rẹ̀, ìyókù sì ń jáde. Ohun tí ó ń gba ojúgun rẹ̀ àti ara rẹ̀ jáde ni àwọn onímọ̀ ń pè ní amóníà. Òun náà ni òórùn líle tí í máa ń ta ni nímú níbi tí ìtọ̀ bá pẹ́ sí. Oúnjẹ tí kò jẹ tí ó rì sísàlẹ̀ tún ń jẹrà, ó ń di amóníà bákan náà, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ inú omi tán. Amóníà a máa jó ojúgun ẹja; bí oòrùn bá sì mú omi gbóná, oró rẹ̀ a máa le sí i.

Ọlọ́run fún ẹja àrọ̀ ní ẹ̀bùn kan tí ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn kò ní. Lẹ́yìn ojúgun, ó tún ní ẹ̀yà kan lórí tí ó fi lè gbé ẹnu sókè omi kí ó sì gba afẹ́fẹ́ bí tiwa. Ìdí nìyí tí ó fi ń yè nínú ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yìí náà ni ó ń tan àwa tí à ń sìn ín jẹ. A ó rí i tí ó ń mí, a ó sì rò pé ara rẹ̀ le, nígbà tí oró omi ti ń jẹ ẹ́ nínú.

Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri táńkì. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ amóníà di ohun tí oró rẹ̀ kéré. Nínú odò àti adágún tí ó ti pẹ́, wọ́n pọ̀ lọ jàra. Nínú táńkì tuntun, wọn kò tíì pọ̀. Nítorí náà, oṣù àkọ́kọ́ ni ó léwu jù lọ. Nítorí wọn náà ni kò fi yẹ kí a máa fi kànìnkànìn ha gbogbo ara táńkì títí yóò fi máa dán. Ọṣẹ kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ẹ wo iyùn tí à ń so mọ́ ọrùn ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkúta ni. Egungun àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí kéékèèké tí wọ́n ń gbé inú òkun ni. Àwọn ìbátan wọn kan wà tí ara wọn rọ̀, tí wọ́n ń fẹ̀ tí wọ́n sì ń mì lẹ́lẹ́ bí òdòdó. Àwọn ènìyàn kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sin ìwọ̀nyí nínú àpótí onígíláàsì ní yàrá àlejò wọn, fún ẹwà nìkan. Wọn a máa wọn iyọ̀ sínú omi, bí gíráàmù 35 sí lítà kan, kí ó lè dà bí omi òkun. Wọn a máa tan iná tí ó mọ́lẹ̀ sí i ní ipò oòrùn. Oúnjẹ rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, nítorí ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹni tuntun ni pé oúnjẹ àpọ̀jù ń ba omi jẹ́, omi tí ó bàjẹ́ a sì máa pa ohun ọ̀sìn. Bí ẹni tí ó ń sin ohun ẹwà bá ń ṣọ́ omi tó báyìí, ó yẹ kí àwa tí à ń sin oúnjẹ ọmọ wa ṣọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

TÁŃKÌ ÀTI OMI RẸ̀

Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, táńkì oníke tí ó gba lítà 1000 tó. Ẹ má ṣe kó ju ọmọ ẹja 40 sínú rẹ̀. Àwọn kan ń kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí omi kò wọ́n ni, tí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ oníbúlọ́ọ̀kù ni ẹ kọ́, ẹ má ṣe dà ẹja sínú rẹ̀ kíákíá, nítorí sìmẹ́ńtì tuntun a máa ba omi jẹ́. Ẹ rọ omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹja díẹ̀ dán an wò ná.

Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi oògùn sí kò yẹ kí ó ti ẹnu ẹ̀rọ bọ́ sínú táńkì tààrà. Ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹnu rẹ̀ ṣí, kí ó sùn mọ́jú, ó kéré tán. Omi kànga jíjìn àti omi ìjìnlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fà kì í ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú. Ẹ jẹ́ kí ó máa dà láti òkè bọ́ sílẹ̀, kí ó lè gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Bí ẹ bá gbé ọmọ ẹja dé nínú ọ̀rá, ẹ fi ọ̀rá náà lé orí omi táńkì fún bí ìṣẹ́jú 20, kí òtútù tàbí ìgbóná omi méjèèjì lè bára dọ́gba. Ẹ bu omi táńkì sínú ọ̀rá díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ jáde fúnra wọn. Ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ náà.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ máa pààrọ̀ omi ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti ń tóbi, kí ó di ọjọ́ méjì méjì. Nígbà tí wọ́n bá sì ti sún mọ́ títà, kí ó jẹ́ ojoojúmọ́. Ìsàlẹ̀ ni kí omi ti máa jáde, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí wà. Ẹ dá ìlàjì sí méjì nínú mẹ́ta omi náà nù, kí ẹ sì fi omi tí ó ti sùn dípò rẹ̀. Omi tí ẹ dà nù kì í ṣe ohun ìdànù, nítorí ajílẹ̀ ni. Ẹ darí rẹ̀ sí ìdí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ata, ẹ ó sì rí bí ewé wọn yóò ti ṣe máa tutù yọ̀yọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kabba àti agbègbè rẹ̀ mọ bí kànga ti í ṣe láti oṣù Kejì títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀. Bí omi yín kì í bá tó yín mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ẹ dúró de oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún. Ẹja àrọ̀ tí a bá bọ́ dáadáa máa ń tó kílò kan láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí náà ẹja yín yóò ti tó tà kí ọyẹ́ tó dé. Bí ọyẹ́ bá bá wọn nínú táńkì, ẹ ó rí i pé wọn kì í jẹun dáadáa ní òwúrọ̀. Ara tútù ni, kì í ṣe àìsàn. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ dáadáa kí ẹ tó fún wọn ní oúnjẹ, kí ẹ sì dín in kù.

OÚNJẸ: ÌWỌ̀N NI Ó NI Í

Oúnjẹ ẹja àrọ̀ ní láti ní èròjà amúaradàgbà púpọ̀: bí ìdá 45 nínú 100 fún ọmọ ẹja, àti bí ìdá 40 fún èyí tí ó ti dàgbà. Oúnjẹ oníhóró tí ó ń léfòó ni ó dára jù fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ojú yín yóò rí èyí tí wọ́n jẹ kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró mílímítà 2, kí ẹ sì máa fi èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀ bí ẹnu wọn bá ti ń gbòòrò.

Ẹ fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ní ibi kan náà àti ní àkókò kan náà. Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìwọ̀n rẹ̀ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ fi àwọ̀n bu ẹja mẹ́wàá, ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì pín ìwọ̀n náà sí mẹ́wàá. Ká ní ẹja kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 100, ẹja 40 jẹ́ kílò 4. Ní àsìkò yìí, ìdá 4 nínú 100 ni oúnjẹ òòjọ́ wọn, èyí tí í ṣe gíráàmù 160: gíráàmù 80 ní òwúrọ̀, 80 ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n kéré, ó lè tó ìdá 5. Nígbà tí wọ́n bá tó ààbọ̀ kílò, ìdá 2 ti tó.

Síbẹ̀, ojú ni alákòóso. Ẹ dà á díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ń jà sí i, ẹ tún dà sí i. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ẹ dáwọ́ dúró, bí ó tilẹ̀ ku díẹ̀ nínú ìwọ̀n. Èyí tí ó bá ṣì ń léfòó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fi asẹ́ kó o kúrò. Ebi díẹ̀ kì í pa ẹja, àjẹkù ni ó ń pa á.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ẹ fún wọn: búrẹ́dì, àjẹkù ẹ̀bà, oúnjẹ tí ó ti bu, àti òkú adìẹ láti ọgbà àwọn ọlọ́sìn, tí a kò mọ àrùn tí ó pa á. Ikán dára fún ìpanu, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oúnjẹ. Ẹ gbé àpò oúnjẹ sórí pákó níbi gbígbẹ, kí ọ̀rinrin má baà bù ú.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ máa ṣa wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Àwọn kan máa ń yára tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn a sì máa gbé àwọn kéékèèké mì. Ẹni tí kò bá ṣa ẹja yóò máa ṣe kàyéfì pé ta ni ó ń jí òun lẹ́ja, bẹ́ẹ̀ inú táńkì ni olè wà.

ÀMÌ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ MÁA WÒ

Bí ẹja kan bá gòkè wá gba afẹ́fẹ́ tí ó sì padà sísàlẹ̀, ìṣe rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá nà ró sókè omi, tí wọn kò padà sísàlẹ̀. Bí wọn kò bá jẹun. Bí omi bá ń rùn tàbí tí ó ń hó ìfofò tí kì í tán, ewu ti dé. Ẹ dá oúnjẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ dá ìlàjì omi nù láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì rọ tuntun sí i. Ẹ ṣa èyí tí ó kú kúrò. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún pààrọ̀ omi, kí ẹ má sì fún wọn ní oúnjẹ títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹja tí ó kú fúnra rẹ̀ nínú táńkì, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Mo mọ̀ pé ó dunni. Ní ọjọ́ Àìkú tí mo sọ yẹn, aládùúgbò kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yan ẹja 41 náà kí n sì tà wọ́n. Mo wo àwọn ọmọ mi, mo sì bi ara mi léèrè bóyá mo lè fún wọn jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí n kò lè fún ọmọ tèmi, n kò lè tà fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣe fín oògùn ẹ̀fọn tàbí oògùn kòkòrò nítòsí táńkì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé bọ́ sínú omi ti tó láti pa gbogbo ẹja.

ỌMỌ WẸ́WẸ́ ÀTI TÁŃKÌ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyá, ẹ fetí sí èyí ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn fẹ́ràn omi, ó sì fẹ́ràn ohun tí ó ń rìn nínú omi. Kò pẹ́ tí omi í fi í pa ọmọ, kì í sì í pariwo. Ẹ fi irin tí a hun bí àwọ̀n bo táńkì, kí ẹ sì ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe fi àpótí, korobá tàbí búlọ́ọ̀kù kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ọmọ lè gùn. Dúrọ́ọ̀mù tí omi ń sùn sí náà ńkọ́? Ẹ fi irin onítẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bò ó, kí ẹ sì ta aṣọ apẹ̀fọn lé e, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ọmọ àti ẹ̀fọn má lè wọlé. Ìbòrí yìí náà ni kò ní jẹ́ kí ẹja fò jáde, tí kò sì ní jẹ́ kí ejò àti ẹyẹ débẹ̀.

ÌṢÍRÒ ÀTI OBÌ ỌBẸ̀

Bí a bá pín owó tí a ń ná lórí ẹja sí ọ̀nà mẹ́wàá, oúnjẹ ni ó ń kó bí mẹ́fà tàbí méje. Láti mú ẹja 40 tó kílò kan kọ̀ọ̀kan, ẹ ó lo bí kílò 48 oúnjẹ, bí omi bá mọ́. Èyí jẹ́ àpò oníkílò 15 mẹ́ta, ó lé díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọmọ ẹja kan, ẹ béèrè iye tí àpò mẹ́rin jẹ́, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ra kílò ẹja lọ́jà. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ sin èyí tí ilé yín yóò jẹ nìkan. Ẹ má ṣe yá owó. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ omi, ìwọ̀n oúnjẹ, iye ẹja tí ó kú, àti owó tí ó jáde.

Bí ọjà bá kún jù, ẹ yan ẹja yín. Kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tútù ni ó máa ń di kílò kan gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ nílé, ó sì ń dúró de iye tí ó dára. Ẹ rántí pé kí ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó kó wọn, kí inú wọn lè mọ́. Àwọ̀n ni kí ẹ sì fi mú wọn, nítorí ẹ̀gún tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn a máa gún ni lọ́wọ́.

Kí ẹ tó tà á tán, ẹ ya ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀. Ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, tí ẹ ti ń fún ní ògì lẹ́yìn ọmú, ògì nìkan kò tó o. Ẹ yọ egungun ẹja gbígbẹ kúrò pátápátá, ẹ gún un kí ó kúnná, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì se ṣíbí kan rẹ̀ pọ̀ mọ́ ògì náà. Fún àwọn àgbà ilé, kò sí ohun tí ó dára tó ẹja àrọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú iyán gbígbóná.

Ẹja 19 ni ó ṣẹ́kù fún mi ní ọdún yẹn. Mo fi omi tuntun tọ́jú wọn, gbogbo wọn sì dàgbà. Owó wọn kò tó san owó ilé-ìwé tán, ṣùgbọ́n ó tó ra ọmọ ẹja mìíràn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń lọ sí ìrìn-àjò ọjọ́ méjì, omi ni mo ń pààrọ̀ kí n tó kúrò nílé, n kì í sì í da oúnjẹ kankan sílẹ̀ de àwọn ẹja. Bí mo bá dé, wọn a ti máa dúró dè mí ní ibi tí wọ́n ti ń jẹun.

Kí Olúwa bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa gbogbo.